Ògiri tí sìmẹ́ǹtì dí lẹ́nu

Ìparí oṣù kejì ọdún ni Màmá pè mí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó sì ti ń gbé Peckham ní gúúsù London láti ìgbà tí èmi ṣì ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù kò pọ̀: “Bíríkìlà, ògiri mi ń sunkún. Wá wò ó.”

Mo lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ní pálọ̀ iwájú, lábẹ́ fèrèsé, ọ̀rinrin ti ya àwòrán dúdú kan tó fẹ̀ tó ẹní sára ògiri. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ti ṣí, òórùn ibẹ̀ sì dà bíi ti aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí láìjẹ́ kó gbẹ. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ti wá wò ó ṣáájú mi. Gbogbo wọn ló fi ẹ̀rọ kékeré kan gún ògiri, ẹ̀rọ náà han, wọ́n ní omi ló ń gòkè wá láti ìpìlẹ̀, pé àwọn á lu ihò yíká ìdí ògiri, àwọn á sì fín kẹ́míkà sí i. Iye owó tí wọ́n pè yàtọ̀ síra, àmọ́ àrùn tí wọ́n dárúkọ bára mu. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yẹn kì í wọn omi gan-an. Bí iná mànàmáná ṣe ń gba ara ògiri kọjá ló ń wọ̀n, iyọ̀ tó bá sì wà nínú ògiri máa ń tàn án jẹ.

N kò tíì fọwọ́ kan ògiri inú tí mo fi jáde sí ojúde. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ilé náà wà láàárín ìlà ilé kan tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn ní nǹkan bí ọdún 1880 sí 1890, láyé Ọbabìnrin Victoria tó jọba láti 1837 di 1901. Bíríkì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń pè ní London stock ni wọ́n fi kọ́ ọ. Amọ̀ ni bíríkì yìí, wọ́n po eérú àti èédú wínníwínní tí wọ́n sẹ́ nínú ìdọ̀tí ilé àwọn ará London mọ́ ọn, kó lè máa jó láti inú ara rẹ̀ wá nígbà tí wọ́n bá ń sun ún. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi ní ihò kéékèèké àti àmì dúdú káàkiri. Bí ẹ bá wo bí wọ́n ṣe tò ó, ẹ ó rí gígùn kan, kúkúrú kan, gígùn kan, kúkúrú kan. Èyí tó kúrú yẹn ni orí bíríkì tí wọ́n fi dábùú ògiri. Bíríkìlà tó bá mọ̀ ọ́n kà á ti mọ̀ pé ògiri yìí kò ní àlàfo láàárín: íǹṣì mẹ́sàn-án gbáko ni, láti ìta dé inú.

Láàárín àwọn bíríkì náà ni mo ti rí sìmẹ́ǹtì. Ó le, ó rí bí eérú, wọ́n gbé e yọ ju bíríkì lọ, wọ́n sì gé etí rẹ̀ gún, bí iṣan tó yọ lẹ́yìn ọwọ́ arúgbó. Àwọn bíríkì tó wà láàárín rẹ̀ ló ṣeni láàánú. Ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bó. Mo fi èékánná fa ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èèpo iṣu sísun. Mo fi ìka ra ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀, ó di lẹ́búlẹ́bú.

“Mà, ta ló fi sìmẹ́ǹtì sí i?”

“Bàbá àwọn ọmọ ni,” ohùn rẹ̀ sì gbéra díẹ̀. “Ní 1994. Owó iṣẹ́ alẹ́ ọdún méjì ló kó lé e. A tiẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó.”

Mo dákẹ́. Bàbá ti di olóògbé, èèyàn kì í sì í dédé bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ olóògbé níwájú opó rẹ̀. Bíríkìlà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn ló yẹ kó mọ̀. Kí n má purọ́, èmi náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1994. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, sìmẹ́ǹtì nìkan ni ọ̀gá mi mọ̀, òun nìkan ni mo sì mọ̀ títí mo fi dé ìlú yìí tí bàbá òyìnbó kan gba tíráwẹ̀lì lọ́wọ́ mi, tó sì kọ́ mi ní iṣẹ́ láìmù.

Láìmù ni òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú ààrò. Bí a bá fi omi àti yanrìn pò ó, ó máa ń mú bíríkì dúró, àmọ́ kì í le tó bíríkì, ó sì máa ń jẹ́ kí omi gba inú òun kọjá. Sìmẹ́ǹtì Portland kì í ṣe nǹkan tuntun láyé Victoria o. Ọdún 1824 ni Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ará Leeds, bíríkìlà bíi tèmi. Ṣùgbọ́n láìmù ni àwọn tó kọ́ irú ilé yìí fi ń to bíríkì. Bí òjò bá rọ̀, ògiri á mu omi díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, omi á gba ojú láìmù jáde padà. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni ilé Màmá fi mí báyìí, kò sí wàhálà. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì wá dé, ó di gbogbo ojú ibi tí omi ń gbà jáde. Sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ a sì máa sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sán bí irun ni, òjò á gba ibẹ̀ wọlé, kò ní rọ́nà jáde mọ́ àfi ara bíríkì. Nígbà òtútù omi náà á dì, á wú, á sì ti ojú bíríkì sọnù. Iyọ̀ tó bá omi rìn á ṣe èyí tó kù. Omi tí kò bá sì rí ojúde á yà sí pálọ̀.

Àwa Yorùbá ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri Màmá nìkan ni mo rí tó jẹ́ pé pípanu dé ló kó bá a.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ tà á ní ọjà àdàmọ̀dì. “Kí ni sìmẹ́ǹtì wá fi ṣe ọ́? Ṣebí òun náà ló sọ Dangote di olówó?”

Mo rántí ilé ìyá àgbà mi n'Ísẹ́yìn. Ilé amọ̀ ni. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù pa ara rẹ̀, ilé náà a sì máa tutù nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Bùrọ̀dá mi kan ti Èkó dé lọ́dún kan, ó rí owó, ó ní ìtìjú ni ilé amọ̀, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri ìta. Ní òjò ọdún kẹta, sìmẹ́ǹtì náà já wálẹ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó sì fa amọ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ bọ́. Mo sọ ìtàn yìí fún Màmá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Tiwa náà n'Íjẹ̀bú-Igbó ṣe bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Wọ́n ní àjẹ́ ni.” Lẹ́yìn ìyẹn ni a tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kò gba àkókò. Àdúgbò náà wà lára àwọn ibi tí káńsù pààlà sí pé kí wọ́n má ba ìrísí rẹ̀ jẹ́, òfin tí wọ́n ṣe ní 1967 ló fún wọn lágbára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi irú ohun tó wà níbẹ̀ tún un ṣe kì í sábà nílò àṣẹ, síbẹ̀ mo ní kí Màmá kọ̀wé, wọ́n sì fèsì. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń gbé Birmingham ló fẹ́ da nǹkan rú. Ó ní kí la ń bá láìmù fà á sí, ká rẹ́ gbogbo iwájú ilé pa, ká kùn ún ní funfun, kó máa dán. Inú bí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa ilé Ilojo tó wà ní Tinubu l'Ékòó, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855 lọ́nà tí àwọn Àgùdà ń gbà kọ́lé, tí ìjọba kéde ní 1956 pé ó di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá ní kékeré, mo máa ń wo òdòdó tí wọ́n mọ sára rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní ilé ìyá òun kì í ṣe Ilojo. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ a ò rẹ́ ẹ.

Oṣù kẹrin ni pẹpẹ irin tí a ń dúró lé ṣiṣẹ́ gòkè. Òkè ni èèyàn ti ń tún ilé ṣe wálẹ̀, torí kò sí ìwúlò kéèyàn gbẹ́ ògiri nígbà tí òrùlé ṣì ń da omi lé e. Síléètì láti Wales ló wà lórí ilé náà, ẹbí síléètì tí àwọn òbí wa fi kọ ABD nílé ìwé. Síléètì ò tètè kú, ìṣó tó gbé e ró ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Mọ́kànlá ló ti yọ̀ kúrò ní ipò, a dá wọn padà. Nínú gọ́tà irin, igi kan ti hù tó ga tó orúnkún mi. Ọ̀pá omi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti sán láti ẹ̀yìn, níbi tó fara ti ògiri, tí ẹnikẹ́ni kò lè rí láti títì. Nígbàkigbà tí òjò bá rọ̀, omi rẹ̀ ń ṣàn tààrà sínú ògiri. Mo pe Màmá síta, mo fi dígí ìfárùngbọ̀n hàn án. Ó pòṣé.

Gbígbẹ́ sìmẹ́ǹtì kúrò ni iṣẹ́ tó gùn jù, òun náà ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi. Òòlù àti irin ìgbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń ṣe é, díẹ̀díẹ̀, kí n má bàa ṣe etí bíríkì léṣe. Ohun tó múnú mi dùn ni pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó fi í sí i ní 1994 ò gbẹ́ ògiri jìnnà kó tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, torí náà bí mo bá ti rí orí rẹ̀ mú, yóò tú jáde ní gígùn, bí ìgbà téèyàn ń fa okùn bàǹtẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni láìmù àtijọ́ wà, ó tutù, ó sì rọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ ra yanrìn, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rò pé òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó gbé ẹ̀rọ ìgé sí i. Kí n tó dé, ó ti gé bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, abẹ ẹ̀rọ náà sì ti rá bíríkì mẹ́jọ lójú ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn gan-an. Èmi ni kò kìlọ̀ fún un. Mo lọ jẹ́wọ́ fún Màmá. Ó wò ó títí, ó ní, “Ó dà bí ilà Ọ̀yọ́.” Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ yóò ṣì rí i.

Bíríkì 41 ni ojú wọn ti bó kọjá àtúnṣe. N kò sáré lọ ra òmíràn. A yọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a yí wọn padà, torí ẹ̀yìn tó ti kọjú sí inú ògiri láti ìgbà yẹn kò tíì rí òjò rí, ó mọ́, ó sì le. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn la dá padà bẹ́ẹ̀. Ìyókù, a wá bíríkì àlòkù ẹgbẹ́ wọn.

Láìmù tí mo lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní NHL 2, tó rọ̀ jù nínú ìpele mẹ́ta tí wọ́n ń tà, òṣùwọ̀n kan sí yanrìn oníhóró ńlá méjì ààbọ̀. Yanrìn tó kúnná kò dáa fún un, yóò sán. A ó kọ́kọ́ fi omi rin ògiri, kí bíríkì má bàa fa omi inú láìmù mu lẹ́ẹ̀kan náà, a ó wá fi irin pẹlẹbẹ tẹ láìmù náà wọlé kó rinlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdúró. Mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ṣì gba àmì ìka, kò tíì yá. Bí àtàǹpàkò ò bá wọlé mọ́, àmọ́ tí èékánná ṣì lè ha á, àsìkò tó nìyẹn: a ó fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbá a lójú, gbá, gbá, gbá, kí ojú rẹ̀ lè là, kí yanrìn inú rẹ̀ hàn, kí omi lè máa ríbi gbà. Bí ẹ bá fi irin fọ́n ọn kó máa dán, ẹ ti tún ẹnu rẹ̀ dí nìyẹn. A fi àpò ìdọ̀họ tó tutù bò ó, a sì ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, torí láìmù tó bá yára gbẹ yóò di eruku. Òtútù tó bá wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius náà yóò pa á, ìdí tí n kò fi gbà láti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò rí ilé tó wọ ìdọ̀họ, wọ́n ń bi Màmá bóyá ó ń ṣọ̀fọ̀.

Nígbà tó kan ojú fèrèsé, ẹ̀rù òjé bà mí. Ọ̀dà àtijọ́ ní òjé nínú, ọdún 1992 ni wọ́n tó ká a kúrò lọ́jà fún gbogboogbò ní ìlú yìí, ilé yìí sì ti gba ọ̀dà lé ọ̀dà fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Eruku rẹ̀ lewu fún ọpọlọ ọmọdé. Màmá ń tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì, mo sì sọ pé ọmọ náà ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ títí a ó fi parí. Omi la fi ń ha ọ̀dà náà, a ò ha á ní gbígbẹ, a ò fi iná jó o, a ta ọ̀rá sílẹ̀, a sì wọ ìbòmú tó nípọn.

Àwọn fèrèsé fúnra wọn ló wú mi lórí jù. Gbogbo aládùúgbò ti fi oníke rọ́pò tiwọn. Ti Màmá ò yí padà nítorí pé owó tán lọ́wọ́ Bàbá lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, ó dùn mọ́ mi nínú pé ó tán. Fèrèsé tí wọ́n ń tì lọ sókè àti sísàlẹ̀ ni. Irin wúwo méjì wà nínú àpótí igi ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, okùn gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré so wọ́n mọ́ fèrèsé, ìwọ̀n irin sì bá ìwọ̀n fèrèsé dọ́gba, débi pé ọmọdé lè fi ìka kan gbé e sókè. Èyí tó wà lápá òsì ti lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí a ṣí àpótí rẹ̀, irin kan wà nísàlẹ̀, aṣọ ni wọ́n sì fi so ó dípò okùn. Mo fà á jáde, mo gbọn eruku rẹ̀ dànù. Àǹkárá ni, búlúù, pẹ̀lú ẹyẹ pupa.

Màmá gbà á lọ́wọ́ mi. “Aṣọ ẹbí ìsọmọlórúkọ àbíkẹ́yìn mi nìyí,” ó ní. “Mo wá ìdajì ìró yìí títí, mo ní wọ́n jí i ní ibi tí mo ti ń fọṣọ.” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá ti ya ìró aya rẹ̀ tún fèrèsé ṣe, kò sì sọ fún ẹnì kan. A fi okùn tuntun sí i. A ò yọ gíláàsì àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ń rú bí omi, torí gíláàsì tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ yóò bèèrè irin tó wúwo ju èyí tó wà níbẹ̀.

A jà lórí ọ̀rọ̀ èéfín. Èéfín èédú London ti dúdú sára bíríkì náà láti ayé Victoria. Màmá fẹ́ kí n fín iyanrìn sí i kó padà di ìyeyè. Mo kọ̀. Awọ líle tí iná fún bíríkì nínú ààrò ni yanrìn yóò bó dànù, èyí tó kù kò sì lè dúró lójú òjò. “Mo náwó tó báyìí, ilé mi ṣì dúdú?” Ó bínú fún ọjọ́ mẹ́ta, kò fún mi ní tíì. Àwọn òyìnbó kan wà tí wọ́n ti ń jà irú ìjà yìí tipẹ́. William Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1877 láti dá àwọn tó ń ha ara ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kó lè dà bí tuntun lẹ́kun, wọ́n ní kí èèyàn tún un ṣe, kó má ṣe sọ ọ́ di ọmọdé. N kò sọ èyí fún Màmá. Ohun tí mo sọ fún un ni pé ẹnì kan kì í bó àwọ̀ ara rẹ̀ kó lè pupa kó má kábàámọ̀. Ó fún mi ní tíì.

Oṣù kẹjọ la tú pẹpẹ. Àwọn àgbà iṣẹ́ máa ń sọ pé íǹṣì kan nínú ògiri lè gba oṣù kan kó tó gbẹ, ti Màmá sì jẹ́ mẹ́sàn-án. Mo ní kó bó bébà ara ògiri pálọ̀ kúrò, kó máa ṣí fèrèsé, kó sì ní sùúrù. Nígbà tí mo padà lọ ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, àwòrán dúdú náà ti ká kúrò, àfi igun kan nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tó tóbi tó abọ́. Ọkàn mi dàrú. Mo jáde, mo kúnlẹ̀, mo wò ó dáadáa. Kankéré tí wọ́n dà sí iwájú ilé kí mọ́tò lè máa dúró síbẹ̀ ga ju ìlà síléètì tí àwọn tó kọ́ ilé fi sídìí ògiri láti dá omi ilẹ̀ dúró, ó sì ti bo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ abẹ́ pákó ilẹ̀. Ó yẹ kí n ti rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òkè ni mo ń wò.

“Ìyẹn náà, Bàbá ló dà á,” Màmá sọ kí n tó béèrè.

A gé kankéré náà kúrò lẹ́bàá ògiri, ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìbú, a wà á wálẹ̀, a sì da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Mọ́tò ọmọ rẹ̀ ṣì ń ráyè dúró. Nígbà tó ń ka owó tó kù fún mi, ó tọ́ka sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí sìmẹ́ǹtì 1994 ṣì wà látòkè délẹ̀.

“Ti ibẹ̀ yẹn ńkọ́?”

“Ó di ọdún tó ń bọ̀, mà, bí òtútù bá ti lọ.”

“Bí o bá rí ìró mi kankan níbẹ̀,” ó ní, “má fi hàn mí o.”